Òṣòòrò Omi Ilẹ̀ Áfíríkà Lójú Ọmọ Yorùbá Tí Ó Fi Prince George's Ṣe Ibùgbé

Nínú gbogbo ohun àrà tí Ẹlẹ́dàá fi ṣe ilé ayé lọ́ṣọ̀ọ́, ó ṣòro láti rí èyí tí ó ń fa ọmọ ènìyàn kúrò nílé tó odò tí ó ti rìn jẹ́jẹ́ bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tí ó dé etí àpáta, tí kò rí ibòmíràn yà sí, tí ó sì fi gbogbo ara já sílẹ̀ sínú ọ̀gbun pẹ̀lú ariwo tí etí ń gbọ́ kí ojú tó kàn án. Irú omi bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà ni a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí, kí a lè mọ ohun tí ó ń pe àlejò lọ sí ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n a óò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí púpọ̀ nínú àwọn tí yóò kà á ń gbé, èyíinì ni agbègbè Prince George's ní ìpínlẹ̀ Maryland, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Ní ọdún 1696 ni a dá Prince George's sílẹ̀, orúkọ ọmọ ọba Denmark tí ó fẹ́ Anne, ẹni tí ó padà di ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a sì fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí àwọn aláwọ̀ funfun tó dé ni àwọn Piscataway ti ń dáko tí wọ́n sì ń pẹja ní etí odò Potomac. Lónìí, láti Bowie dé Lanham, láti Hyattsville dé Upper Marlboro, ọmọ Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ jáǹtìrẹrẹ, nítorí Maryland wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí jù lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rin agbègbè náà já lè máa wá òṣòòrò omi ńlá kan títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kí ó má rí i. Ìdí rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìlà kan wà tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń tọ́ka sí ní apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, níbi tí òkúta líle apá òkè ti parí, tí yanrìn àti amọ̀ rírọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ títí dé òkun; gbogbo odò tí ó bá ń ti òkè bọ̀, nígbà tí ó bá dé ìlà yìí, fífò ni yóò fò sílẹ̀, lẹ́yìn èyí ni yóò wá máa rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ. Orí yanrìn yìí ni ilẹ̀ Prince George's fẹ́rẹ̀ẹ́ wà tán. Bí Bladensburg, tí a tẹ̀ dó ní 1742, ṣe di èbúté tí ọkọ̀ òkun ń wá kó tábà nígbà kan rí nìyẹn, kí erùpẹ̀ tí òjò ń wọ́ láti inú oko tó dí ojú omi rẹ̀. Orí ìlà kan náà ni Washington, Baltimore àti Richmond jókòó sí, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi kò ti lè gòkè mọ́, ibẹ̀ náà sì ni agbára omi ti ń yí ọlọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ibi tí Potomac ti ń fò yóò gba ojú ọ̀nà 495 tí ó yí olú-ìlú ká, yóò bọ́ sí Montgomery tí ó bá Prince George's pààlà, títí yóò fi dé Great Falls, tí ó fi bí máìlì 14 jìnnà sí Washington. Níbẹ̀ ni odò ńlá náà, lẹ́yìn tí ó ti fẹ̀ gbẹrẹgẹdẹ lókè, ti há mọ́ àárín àpáta, tí ó sì fò lórí ìfò, tí ó ń hó yaya, títí ó fi já wálẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 76 láàárín ọ̀nà tí kò tó máìlì kan. George Washington, kí ó tó di ààrẹ àkọ́kọ́, ti rí i pé odò yìí lè jẹ́ ọ̀nà ọjà lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹgbẹ́ oníṣòwò tí ó ṣe olórí fún ní 1785 gbẹ́ ọ̀nà omi gba ẹ̀gbẹ́ àpáta náà ní apá Virginia, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti re ibi àgbà ń rè kí iṣẹ́ tó parí ní 1802. Ní apá Maryland, a bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà omi mìíràn, Chesapeake and Ohio, ní 1828. Ó dé Cumberland ní 1850, àwọn ìbaaka sì ń fi okùn fa ọkọ̀ ẹrù lórí rẹ̀ títí di 1924, nígbà tí ìkún-omi mú kí a pa á tì. Ní 1971 ni ìjọba sọ ọ́ di ọgbà ìtàn fún gbogbo ará ìlú.

Ọ̀rọ̀ afárá ibẹ̀ yẹ ní àkíyèsí gidigidi. Kí a tó lè dé erékùṣù Olmsted, níbi tí a ti ń wo omi náà lójúkojú, a ní láti gba orí afárá ẹlẹ́sẹ̀ kọjá. Ní 1972 ni ìjì Agnes gbá àwọn afárá náà lọ, ọdún 1992 ni a sì tó tún wọn ṣe. Ogún ọdún gbáko, ní orílẹ̀-èdè tí owó ti pọ̀ tó báyìí! Kí ẹni tí ó bá ń sọ pé ọ̀nà ibi ìran tiwa ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe rántí èyí. Nígbà tí a sì tún un ṣe, dáadáa ni a ṣe é: pákó tẹ́jú lẹ́sẹ̀, irin ìdìmú wà lọ́tùn-ún lósì, pátákó ìkìlọ̀ sì ń sọ fún tọmọdé tàgbà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wẹ̀ níbẹ̀, nítorí omi tí ó tutù lójú a máa fa ènìyàn lọ nísàlẹ̀.

Àwọn mìíràn wà ní Maryland, Cunningham tí ó ń ṣàn wálẹ̀ lórí àpáta ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 78 nítòsí Thurmont, àti Muddy Creek ní ọ̀nà jíjìn ìwọ̀-oòrùn, tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 53. Wọ́n dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ẹ jẹ́ kí a ré òkun kọjá.

Ọba gbogbo wọn ní ilẹ̀ Áfíríkà ni Mosi-oa-Tunya, orúkọ tí àwọn onílẹ̀ ń pè é kí David Livingstone tó dé ibẹ̀ ní 1855 tí ó sì fi orúkọ ọbabìnrin Victoria sọ ọ́. Odò Zambezi ni ó bí i, láàárín Zambia àti Zimbabwe. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 108, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1,708, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí odò bá kún, kò sí omi mìíràn láyé tí ó ń já wálẹ̀ bí aṣọ títa kan ṣoṣo tí ó tóbi tó o. UNESCO sì kà á mọ́ ohun ìní gbogbo ayé ní 1989. Òkúta ibẹ̀ la, ohun rírọ̀ sì kún inú àwọn ibi tí ó ti la náà. Omi ń gbẹ́ ohun rírọ̀ yìí jáde díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ni òṣòòrò náà ṣe ń fà sẹ́yìn láti ìran dé ìran, tí àwọn ọ̀gbun tí ó ti fi sílẹ̀ sì lọ́ kọ́lọkọ̀lọ nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí a bá ń sọ ti gíga nìkan, Tugela ní ilẹ̀ South Africa ni ó borí, tí a wọ̀n ní mítà 948 lórí òkè Drakensberg. Ṣùgbọ́n omi rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀ẹ̀rùn sì lè mú un gbẹ. Ẹ wo Murchison ní Uganda: gíga rẹ̀ kò ju mítà 43 lọ, síbẹ̀ ẹni tí ó bá rí i kò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé, nítorí odò Nile, baba odò, ni a há mọ́ ojú ihò tí kò fẹ̀ ju mítà 7 lọ, tí ó sì fi ìbínú jáde. Ẹ wo Kalandula ní Angola pẹ̀lú, mítà 105 ní gíga, tí àlejò tí ń lọ síbẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí ń lọ sí Victoria. Èmi kò rò pé ẹwà ni ó fi jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ogun abẹ́lé tí ó jà ní Angola títí di 2002 ni ó lé àlejò, ọ̀nà àti ilé ìtura kò sì tíì bá a dọ́gba.

Ohun kan tún wà tí ó ń pa òṣòòrò omi: iná mànàmáná. Tis Abay ní Ethiopia, níbi tí odò Nile aláwọ̀ aró ti ń já, ni a ti darí púpọ̀ nínú omi rẹ̀ sí ilé iṣẹ́ iná, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá bá a ní ìgbà ọ̀dá yóò rí àpáta ju omi lọ. Níagara náà ń fa iná, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà àti Kánádà fi àdéhùn 1950 sọ iye omi tí ó gbọdọ̀ máa ṣàn fún àwọn òǹwòran láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Ìpínlẹ̀ New York sì ti gba ilẹ̀ etí omi náà lọ́wọ́ àwọn aládàáni láti 1885, nítorí wọ́n ti ṣe ọgbà yí i ká, tí wọ́n ń gba owó kí ènìyàn tó yọjú.

Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Wli ní ilẹ̀ Gánà, nítòsí ààlà Tógò, ni ó yẹ kí àwọn ará ilé wa kọ́gbọ́n lára rẹ̀. Inú igbó ni a ń gbà, lórí afárá kan tẹ̀ lé òmíràn, pẹ̀lú amọ̀nà tí ó jẹ́ ọmọ abúlé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àdán sì rọ̀ mọ́ àpáta lókè. Tógò ní Kpimé nítòsí Kpalimé. Benin ní Tanougou ní apá Atacora. Ní Nàìjíríà, Gurara ní ìpínlẹ̀ Niger àti Assop ní Plateau ti gba orúkọ tipẹ́.

Nísinsìnyí a dé ilé. Òkè kan tí ó jẹ́ òkúta funfun líle nà láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Ọbòkun, wọ ilẹ̀ Èkìtì, ó sì gba Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ọmọ olókè kọjá. Òkúta yìí kò gbà kí omi gbẹ́ òun, bẹ́ẹ̀ ni òkúta tí ó yí i ká rọ̀ jù ú lọ. Nítorí náà, odò tí ó bá sun lórí rẹ̀ ní láti fò kí ó tó dé ilẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Potomac ní Great Falls ni ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé odò tiwa kéré. Ní apá Ìjẹ̀ṣà, òṣòòrò tí ó ti ibẹ̀ já ni Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ní apá Èkìtì, Àríǹta ni, ní Ìpólé-Ìlórò, tí kò jìnnà sí Ìkógosì níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Orí òkè kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá.

Olúmirin kì í já lẹ́ẹ̀kan. Ìpele méje ni ó ní, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ní adágún omi tirẹ̀ níbi tí àlejò ti lè sinmi. Ẹni tí ó dúró ní ìpele kìíní rò pé òun ti rí i tán. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, nítorí ẹni tí ó bá fi orúnkún àti ọwọ́ gun òkè náà dé ìpele keje ni yóò bá ilẹ̀ tí ó tẹ́jú lórí, tí afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Ẹ̀fọ̀n. Ìtàn àwọn ará Ẹ̀rìn ni pé Akínlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà, ni ó rí omi náà nígbà tí ó ń ti Ilé-Ifẹ̀ bọ̀ wá tẹ ìlú dó, ọdún 1140 ni wọ́n sì ń dárúkọ. Bí a kò tilẹ̀ lè fi ìwé dá ọdún náà lójú, ìtàn náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ọrọ̀, nítorí omi tí a kò bọ̀wọ̀ fún ni a ń da ìdọ̀tí sí. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn ará Ẹ̀rìn ti ka omi yìí sí ohun ọ̀wọ̀, ọ̀wọ̀ yìí ni ó sì dáàbò bò ó kí ìjọba tó mọ̀ pé ó wà.

Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, òṣòòrò Òwu wà ní Ọwá-Kájọlà, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Bí mítà 120 ni a ń sọ pé ó ga, àwọn kan sì ń pè é ní èyí tí ó ga jù ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, bí àwọn ará Gánà ti ń sọ nípa Wli. Ìjà yìí kò ṣe wá láǹfààní kankan. Ọ̀nà Òwu ni ó yẹ kí a máa jà fún, nítorí àlejò tí ọkọ̀ rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀ kò ní dúró béèrè iye mítà.

Ọ̀rọ̀ àkókò ni ó kù, òun sì ni ó kan ọmọ Prince George's jù. Oṣù Kejìlá ni púpọ̀ nínú wa ń lọ sílé, nítorí Kérésì, ìgbéyàwó àti òkú àgbà. Ìgbà náà sì ni ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, tí omi Ẹ̀rìn àti Ìpólé ti rọ́lẹ̀. Oṣù Keje sí Oṣù Kẹsàn-án ni omi wọn ń kún, inú rẹ̀ sì ni apá tí ó pọ̀ jù nínú ìsinmi gígùn àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Maryland bọ́ sí. Ẹni tí ó bá mú ọmọ lọ nígbà náà yóò rí omi ní agbára rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àpáta a máa yọ̀ nígbà òjò, tí ó fi yẹ kí a wọ bàtà tí ó di ilẹ̀ mú, kí a gba amọ̀nà ọmọ ìlú, kí a sì dúró ní ìpele tí agbára ọmọ ká. Ẹni tí ó bá ń lọ sí Zambezi ní tirẹ̀, kí ó lọ ní Oṣù Kẹrin tàbí Karùn-ún.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìgbómìnà tí ẹ ń ṣe ìpàdé ní agbègbè yìí, ẹ ń dá owó fún ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn, iṣẹ́ rere ni. A bẹ̀ yín, ẹ yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún afárá ẹlẹ́sẹ̀, irin ìdìmú àti pátákó ìkìlọ̀ ní Ẹ̀rìn, ní Ìpólé àti ní Ọwá-Kájọlà, ẹ bá àwọn ọba ìlú náà sọ ọ́ kí ẹ tó bá ìjọba sọ ọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ìlú ni yóò máa ṣe amọ̀nà tí wọn yóò sì máa gba owó ìwọlé.