Adémúlẹ̀gún Kì í Ṣe Orúkọ Títì Lásán

Olóòtú ní kí n kọ nípa sójà kan tó kú lójú iṣẹ́ láìdarúgbó. Mi ò wá a lọ jìnnà. Kò sí ẹni tó ti gun ọ̀kadà rí ní Oǹdó tí kò mọ Ademulegun Road. A ó ní, “Ọlọ́kadà, Adémúlẹ̀gún!”, a ó sanwó, a ó sọ̀ kalẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n tí ọmọ yín bá bi yín pé ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin mélòó lẹ lè sọ kọjá “sójà kan ni”?

Ọmọ Oǹdó ni Bìrìgédíà Samuel Adésùjọ Adémúlẹ̀gún. Ayé òyìnbó ló ti wọ iṣẹ́ ológun, nígbà tí ọ̀pọ̀ òbí nílẹ̀ wa ò fẹ́ kí ọmọ tó mọ̀wé di sójà rárá. Tíṣà tàbí akọ̀wé ni wọ́n ń fẹ́. (Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ má bínú, ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni.) Nígbà tá a gba òmìnira ní 1960, òyìnbó ló ṣì pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀gá ológun wa. Ní 1965 tí Welby-Everard, òyìnbó tó jẹ olórí gbogbo ológun kẹ́yìn, ń lọ sílé, bìrìgédíà mẹ́rin ni wọ́n ń wò láti fi rọ́pò rẹ̀: Ironsi, Ògúndípẹ̀, Maimalari, àti ọmọ Oǹdó yìí. Ironsi ni wọ́n mú. Adémúlẹ̀gún wà ní Kàdúná, níbi tó ti jẹ́ ọ̀gá Bìrìgéèdì Kìíní.

Ipò yẹn ló pa á. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé.

Ọdún 1965 parí pẹ̀lú iná lọ́dọ̀ wa níbí. Ẹ̀yin àgbà rántí ìbò oṣù kẹwàá àti wẹ́tíẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun kan ti ń gbèrò pé àwọn máa gba ìjọba. Ní Kàdúná, Major Chukwuma Nzeogwu ń kó àwọn sójà jáde lálaalẹ́, ó ní ìdánrawò ni. Damisa ni wọ́n sọ ọ́, ìyẹn àmọ̀tẹ́kùn lédè Haúsá. Lóru tó mọ́ ọjọ́ Sátidé, 15 oṣù kìíní 1966, ìdánrawò di òótọ́. Nzeogwu lọ sílé Sádáúnà. Ẹgbẹ́ mìíràn, tí Major Timothy Onwuatuegwu ṣáájú, lọ sílé Adémúlẹ̀gún. Inú yàrá tí òun àti ìyàwó rẹ̀, Látífátù, sùn sí ni wọ́n ti yìnbọn pa àwọn méjèèjì. Àwọn tó kọ̀wé nípa òru náà sọ pé oyún wà nínú ìyàwó. Àwọn ọmọ wọn kéékèèké wà nílé.

Mo ti gbọ́ kí ẹnì kan bèèrè pé ṣé sójà tó kú nínú yàrá rẹ̀ la tún ń pè ní akọni. Èmi ò gbà fún un. Ẹni tó bá fẹ́ gba Kàdúná lóru yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ọ̀gá àwọn sójà ibẹ̀ kúrò lọ́nà. Ká ní ó wà láàyè di àárọ̀, òun ni ì bá pàṣẹ. Torí iṣẹ́ tí ìjọba gbé lé e lọ́wọ́ ni wọ́n ṣe wá a délé. Látífátù ńkọ́? Kì í ṣe sójà. Kò ní ipò, kò sì sí títì tí mo mọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ dá ìjà ẹ̀yà sílẹ̀. Lóru ọjọ́ kan náà ni wọ́n pa Maimalari, Kur Mohammed, Largema, Pam, Ṣódẹ̀ìndé tó jẹ́ Yorùbá, àti Unegbe tó jẹ́ Ígbò.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní 29 oṣù keje, wọ́n pa Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì. Òun ni gbogbo Yorùbá mọ̀. Gbọ̀ngàn ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní Ifẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó tọ́ sí i. Ìtàn Fájuyì rọrùn láti sọ fọ́mọdé: olùgbàlejò bá àlejò rẹ̀ kú. Ti Adémúlẹ̀gún le díẹ̀. Ọ̀rẹ́ Sádáúnà ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ òṣèlú sì ti wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe fi í sílẹ̀.

Ohun tó tiẹ̀ mú mi gbé bírò nìyí. Lọ́dọọdún, ní 15 oṣù kìíní, gómìnà máa ń gbé òdòdó kalẹ̀ ní Àkúrẹ́ fún àwọn sójà tó ti kú. Ìbọn á dún, wọn á tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀. (Nígbà míì ẹyẹlé á kọ̀, kò ní fò, àwọn èrò á bú sẹ́rìn-ín.) Tẹ́lẹ̀, 11 oṣù kọkànlá la ń ṣe é, bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe é. Wọ́n yí i padà torí pé ọjọ́ 15 oṣù kìíní 1970 ni Biafra túúbá nílùú Èkó. Kò sẹ́ni tó ro ti Oǹdó mọ́ ọn. Àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n pa Adémúlẹ̀gún gan-an ni, ọdún mẹ́rin géérégé ṣáájú. Nígbà tí mo lọ gbé ìròyìn rẹ̀ ní Àkúrẹ́, ogun ni mo gbọ́ tí wọ́n ń dárúkọ: ogun Hitler, ogun abẹ́lé, Làìbéríà, Boko Haram. Kò sí òru Kàdúná níbẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa tẹ́ ẹ ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bẹ̀. Àwa ò tíì dáyé nígbà náà. Báwo ni ìròyìn yẹn ṣe dé Oǹdó? Ṣé rédíò ni, àbí ẹnu ọlọ́jà? Kí ni wọ́n sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú? Ẹ kọ ọ́ sí bébà, bó ṣe wù kó kéré mọ, tàbí kẹ́ ẹ sọ ọ́ kí ọmọ yín bá yín kọ ọ́, kẹ́ ẹ fún akọ̀wé ẹgbẹ́. A ó tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ti ọdún tó ń bọ̀, pẹ̀lú orúkọ yín.