Enugu, Ìlú tí Èédú Kọ́

Ní ọjà Ìkòtún, bí èèyàn bá ní òun fẹ́ ra èédú, èédú igi ni wọ́n máa wọ̀n fún un, èyí tí a fi ń sun àgbàdo àti bọ̀ọ̀lì. Ṣùgbọ́n èédú mìíràn wà tí wọ́n ń wà jáde nínú òkè. Ó dúdú, ó ń dán, ó sì dà bí òkúta. Èédú ilẹ̀ yìí àti ìlú tó ti ibẹ̀ jáde ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ lè bi mí pé kí ló kan ọmọ Ìgandò nínú ọ̀rọ̀ Enugu. Ó kàn wá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èédú Enugu ni wọ́n ń kó sẹ́nu iná ọkọ̀ ojú irin, òun náà sì ni ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Ìjọra fi ń pèsè iná fún Èkó.

Ní èdè Ìgbò, ìtumọ̀ Enugu ni orí òkè. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ òkè ni ìlú náà tẹ̀dó sí. Àwọn ará Ngwo gan-an ni wọ́n ń gbé lókè, ọ̀dọ̀ wọn sì ni orúkọ náà ti wá. Ní 1909, àwọn òyìnbó tó ń wá ohun àlùmọ́ọ́nì kiri, tí Albert Kitson jẹ́ olórí wọn, rí èédú ní agbègbè Udi. Ní 1915, wọ́n ṣí ibi ìwakùsà àkọ́kọ́ ní Ogbete. Ọdún kejì ni ojú irin so ibẹ̀ pọ̀ mọ́ etí omi ní Port Harcourt. Port Harcourt tí gbogbo wa mọ̀ sí ìlú epo lónìí, nítorí kí èédú lè rí ọ̀nà dé ojú òkun ni ìjọba ṣe tẹ̀ ẹ́ dó.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó kọ́kọ́ wọ inú kùsà ló fínnúfíndọ̀ wọ̀ ọ́. Àwọn olóyè tí ìjọba òyìnbó yàn, irú bí Onyeama ti ìlú Eke, ni wọ́n ń kó àwọn ọkùnrin ránṣẹ́ síbi iṣẹ́. Iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Inú òkùnkùn ni, àtùpà ni wọ́n fi ń ríran. Àwọn kan á máa fi àáké ìwakùsà gé èédú lára ògiri, àwọn mìíràn á máa ti kẹ̀kẹ́ ẹrù lórí irin lọ síta. Bí òrùlé ihò bá ya lulẹ̀, kò sí ibi sísá.

Ní November 1949, àwọn awakùsà tó wà ní àfonífojì Iva ń béèrè owó iṣẹ́ tí wọ́n ní wọ́n jẹ àwọn sẹ́yìn. Okwudili Ojiyi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn. Wọn kò pa iṣẹ́ tì, wọ́n kàn dẹwọ́ ni: wọ́n ń wọ inú kùsà lójoojúmọ́, èédú kò sì jáde tó bó ṣe yẹ. Àwọn aláṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn kan dúró. Ìjọba wá ń bẹ̀rù pé ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń jà fún òmìnira. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà, ọ̀gá ọlọ́pàá òyìnbó kan, F. S. Philip, kó ọlọ́pàá wá láti gbé ẹ̀tù náà kúrò. Àwọn òṣìṣẹ́ péjọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn so aṣọ pupa mọ́ra. Philip pàṣẹ pé kí wọ́n yìnbọn. Èèyàn 21 kú. Àwọn tó fara gbọgbẹ́ lé ní 50.

Àwọn kan ń pe ọ̀rọ̀ yìí ní rògbòdìyàn. Èmi kò gbà. Ẹni tó ń béèrè owó òógùn rẹ̀, tí kò gbé ìbọn, kí ló fi di jàǹdùkú?

Ìròyìn náà dé Èkó, ó sì ṣe ohun tí ìpàdé kò tíì ṣe. Àwọn olóṣèlú tí wọ́n ti ń bá ara wọn fa wàhálà jókòó pọ̀, wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí Dókítà Akinọlá Májà jẹ́ alága rẹ̀. Ìjọba náà gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí Fitzgerald kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ yẹn ní Philip ṣe àṣìṣe nínú ìpinnu rẹ̀. Àṣìṣe! Ọ̀rọ̀ yẹn kéré lójú mi fún òkú 21.

Lẹ́yìn èyí, èédú kò pẹ́ lórí àlééfà mọ́. Ní 1956, wọ́n rí epo rọ̀bì ní Oloibiri. Ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í lo dísù. Ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 dá iṣẹ́ kùsà dúró, nígbà tó sì parí ní 1970, iṣẹ́ náà kò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ihò púpọ̀ ló ti kún fún omi. Ìlú tó dìde nítorí wọn ti di olú ìlú ìpínlẹ̀, ó ní yunifásítì àti pápákọ̀ òfuurufú. Síbẹ̀, bí ọkọ̀ kan bá ti ọ̀hún wá sí Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀ dáadáa: Ìpínlẹ̀ Ìlú Èédú ni wọ́n kọ síbẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì.