Wíwọ Ọkọ̀ Òfurufú Ní Owó Pọ́ọ́kú: Ìmọ̀ràn Fún Àwọn Olùgbé Òṣòdì Àti Ìsọlọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Mafolúkù àti Àjàó mọ ariwo bàálù dáadáa, nítorí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed kò jìnnà sí yín. Síbẹ̀, ọkọ̀ lè fi ará ìtòsí sílẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú sì lè di ọ̀wọ́n. Ìdí nìyí tí a fi kọ àlàyé yìí.

Rírà tíkẹ́ẹ̀tì
Iye owó ìjókòó nínú ọkọ̀ kan náà kì í dọ́gba. Ẹni tó bá tètè rà á ló sábà máa ń rí i ní pọ́ọ́kú. Bí ọjọ́ ìrìn àjò ti ń súnmọ́lé ni owó ń gòkè, pàápàá ní àsìkò Kérésìmesì àti Iléyá. Ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì tí owó rẹ̀ kéré jù ni òfin rẹ̀ sábà máa ń le jù. Ẹ lè san owó kún un bí ẹ bá fẹ́ yí ọjọ́ padà. Bí ẹ kò bá sì lọ mọ́, wọ́n lè má dá owó padà. Ẹ ka àdéhùn kí ẹ tó sanwó. Ọwọ́ ilé-iṣẹ́ náà tàbí aṣojú rẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ ti rà á, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń polówó ní ẹnu ọ̀nà pápákọ̀.

Ẹrù
Ẹ wo ìwọ̀n ẹrù tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín, kí ẹ sì wọn ẹrù náà nílé. Owó kílò tó bá lé lè gbé gbogbo ohun tí ẹ rò pé ẹ rí jẹ lọ. Inú báàgì ọwọ́ ni kí ẹ kó oògùn, owó àti páwà báǹkì sí. Òfin ààbò kò gba páwà báǹkì láàyè nínú ẹrù abẹ́ ọkọ̀.

Ọjọ́ ìrìn àjò
MMA1 àti MMA2, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2007, kì í ṣe ilé kan náà. Ẹ mọ èyí tí ọkọ̀ yín ti ń gbéra kí ẹ tó jáde nílé. Ẹ dé ibẹ̀ ní wákàtí méjì ṣáájú, nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Òṣòdì kò mọ ará ìtòsí. Wọ́n máa ń ti káńtà kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn náà ti pẹ́, bí bàálù tilẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ tí orúkọ rẹ̀ bá ti tíkẹ́ẹ̀tì mu.

Ẹ̀tọ́ yín
Owó pọ́ọ́kú kò dín ẹ̀tọ́ kù. Lábẹ́ òfin àjọ NCAA, bí ọkọ̀ abẹ́lé bá pẹ́ ju wákàtí kan lọ, ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fún yín ní ìpápánu. Bí ó bá ju wákàtí méjì lọ, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó yín padà. Bí ìdádúró náà bá bọ́ sí àárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́rin ìdájí, òtẹ́ẹ̀lì àti ọkọ̀ tí yóò gbé yín débẹ̀ wà lọ́rùn wọn. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ní káńtà wọn. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ mú tíkẹ́ẹ̀tì yín tọ òṣìṣẹ́ NCAA tó ń gbọ́ ẹjọ́ arìnrìn-àjò ní pápákọ̀ lọ.

A kí yín pé ẹ ó lọ re, ẹ ó bọ̀ re.