Ìjà Àwọn Ẹ̀rọ Àwo: Bí Video CD Ṣe Dé Ilé Wa

Ní ọdún 1982, ilé-iṣẹ́ Philips ti ilẹ̀ Nẹ́dálándì àti Sony ti ilẹ̀ Jàpáànì gbé àwo orin tuntun jáde, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí CD. Ohun tí ó mú un tàn kálẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì ti fẹnu kò lórí ìlànà kan ṣoṣo: àwo tí ẹnikẹ́ni bá ṣe yóò kọrin nínú ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni bá tà. Kò tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi fẹ́ kó àwòrán, ọ̀rọ̀, ohùn àti eré ìdárayá sínú irú àwo yìí kan náà, kí a lè máa wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n nínú yàrá ìgbàlejò. Ìfẹnukò yẹn gan-an ni wọ́n gbàgbé. Nínú àròkọ yìí, a óò wo bí wọ́n ṣe figagbága, ìdí tí ọ̀pọ̀ wọn fi ṣubú, àti ohun tí ìtàn náà ń sọ fún àwa tí a fi ohùn àwọn àgbà wa pamọ́ sínú àwo.

Ní ọdún 1991, Commodore ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé CDTV jáde ní nǹkan bí 1,000 dọ́là. Kọ̀ǹpútà Amiga ni ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi orúkọ náà pamọ́, wọ́n sì ṣe é ní ìrísí ẹ̀rọ orin, kí ó má baà dẹ́rù ba onílé. Ní ọdún kan náà, Philips bẹ̀rẹ̀ sí í ta CD-i ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1986 ni wọ́n ti kéde rẹ̀. Ní ọdún 1992, Tandy mú VIS wá ní 699 dọ́là. Ní ọdún 1993, 3DO dé ní iye kan náà. Ọ̀nà ti 3DO yàtọ̀: ilé-iṣẹ́ tí Trip Hawkins dá sílẹ̀ ni ó gbèrò ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n àwọn ẹlòmíràn ni ó ń ṣe é, Panasonic sì ni aṣíwájú wọn. Nítorí pé orí ẹ̀rọ nìkan ni àwọn tí ń ṣe é ti ń jèrè, wọn kò lè dín owó rẹ̀ kù bí ó ti yẹ.

Bí a bá to àwọn àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, ojú kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Sẹ̀ǹtímítà 12 ni fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn sì ń dán bákan náà. Síbẹ̀, àwo CD-i kò wúlò nínú CDTV, ti VIS kò sì wúlò nínú 3DO. Òwe wa ní bí erin méjì bá ń jà, koríko ní ń fara gbá a. Ní ti ìjà yìí, oníbàárà kò dúró kí wọ́n tẹ òun mọ́lẹ̀. Ó di owó rẹ̀ mú, ó ń wòran. Àwọn tí ń ṣe ìwé ìmọ̀, ìtàn ọmọdé àti eré náà kò mọ ẹ̀rọ tí wọn yóò ṣiṣẹ́ fún. Bí iṣẹ́ inú àwo ṣe ṣọ̀wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń ra ẹ̀rọ ṣọ̀wọ́n.

Kò pẹ́ tí VIS fi kúrò lọ́jà. Commodore wọko gbèsè ní ọdún 1994. Ìwé ìmọ̀ kó lọ sínú kọ̀ǹpútà, níbi tí Encarta ti Microsoft ti jáde ní ọdún 1993. Eré ìdárayá kó lọ sọ́dọ̀ PlayStation ti Sony, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Jàpáànì ní ìparí ọdún 1994. Kí CD-i tó lè fi fíìmù hàn kún ojú tẹlifíṣọ̀n, ẹni tí ó rà á ní láti ra ẹ̀yà mìíràn kún un.

Láàárín ìjà yìí ni ohun kan tí kò ní ariwo yọ jáde. Ní ọdún 1993, Philips, Sony, Matsushita àti JVC fẹnu kò lórí Video CD. Àwòrán rẹ̀ kò ju ti kásẹ́ẹ̀tì VHS lọ, ìṣẹ́jú 74 péré ni ó sì ń gbà, nítorí náà fíìmù kan a máa gba àwo méjì. Amẹ́ríkà àti Yúróòpù kò kà á sí. Ní Éṣíà, ó gbilẹ̀, nítorí pé owó rẹ̀ kéré, ọ̀rinrin kì í sì í bà á jẹ́ bí ó ti ń ba kásẹ́ẹ̀tì jẹ́.

DVD tẹ̀lé e. Ìyapa tún fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ Sony àti Philips ní apá kan, àti ẹgbẹ́ Toshiba ní apá kejì. Àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí IBM ṣáájú wọn, ni ó rọ̀ wọ́n títí wọ́n fi ṣọ̀kan ní ọdún 1995. Ṣùgbọ́n àwọn olówó fíìmù pín ayé sí agbègbè mẹ́fà: Yúróòpù wà ní agbègbè 2, àwa wà ní agbègbè 5. Àwo tí a rà ní Paris lè kọ̀ jálẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún Àjàṣẹ́. Video CD kò ní irú àgádágodo bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi rọrùn fún àwọn tí ń ta fíìmù Yorùbá ní Èkó láti kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì bọ́ sínú rẹ̀, tí apá kìíní àti apá kejì fi ń kọjá ibodè wọ Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ.

A rí i pé kì í ṣe ẹ̀rọ tí ọgbọ́n inú rẹ̀ pọ̀ jù ni ó dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí tí ọ̀pọ̀ fẹnu kò lé lórí ni, tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, tí ohun tí à ń fẹ́ wò sì wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán. Nínú àwo wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ìgbéyàwó, ìsìnkú, oríkì àti eré Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sí, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan náà tí UNESCO kéde ní ọdún 2001 pé ó jẹ́ ogún gbogbo ayé. Àwo tí a gbà sílẹ̀ ládùúgbò kò lágbára bí ti ilé-iṣẹ́. Oòrùn àti ooru ń ba àwọ̀ inú rẹ̀ jẹ́. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun kò sì ní ihò àwo mọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí CDTV ti ń ṣẹlẹ̀ sí Video CD báyìí, àmọ́ ohùn àwọn tí ó ti di ará ọ̀run ni ó wà nínú tiwa.

Nítorí náà, kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní ìlú kọ̀ọ̀kan kó àwọn àwo jọ nígbà tí ẹ̀rọ tí ń kà wọ́n ṣì wà. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ẹ̀dà wọn sí ibi méjì ó kéré tán, ní irú ìlànà tí ẹ̀rọ gbogbo lè kà. Kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀, ìlú rẹ̀ àti ọdún tí a gbà á sílẹ̀ sí i, nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè láti sọ fún wa.