Ọ̀bẹ àpò wo ni kì í dípẹtà? Ìtàn kan rèé 🧵

1/ Lọ́dún tó kọjá, màmá mi fún mi ní ọ̀bẹ àpò bàbá wọn, èyí tó ń ká sínú èèkù igi. Orúkọ ẹni tó ṣe é ti pa rẹ́ lójú rẹ̀. Mo fi bó ọsàn, mo ká a pa, mo jù ú sínú báàgì. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìpẹtà ti bo gbogbo ojú rẹ̀. Màmá mi wò ó, wọn ò sọ nǹkan kan. Ẹ mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

2/ Èmi ní ọkàn mi, mo ní ayédèrú ni. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá èyí tó dáa. Ohun tí mo rí kà dójú tì mí. Ẹ jẹ́ ká lọ.

3/ Switzerland, 1884. Karl Elsener ṣí ilé iṣẹ́ ọ̀bẹ sí Ibach. Solingen ní Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe ọ̀bẹ àwọn ọmọ ogun Switzerland. Elsener fẹ́ kí iṣẹ́ yẹn wà nílé. Lọ́dún 1891, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀bẹ fún wọn.

4/ Ilẹ̀ Faransé, 1890. Joseph Opinel, ọmọ ọdún 18, ń ṣe ọ̀bẹ àpò ní Savoie, níbi òkè Alps. Ìdílé tó ń rọ àáké àti dòjé ló ti wá. Lọ́dún 1897, ó to ọ̀bẹ rẹ̀ ní nọ́ńbà, láti 1 dé 12, kékeré sí ńlá.

5/ Ẹ gbọ́ o: ti ológun, ti àgbẹ̀, gbogbo wọn ló ń dípẹtà nígbà yẹn. Kì í ṣe àbùkù. Irin tí carbon pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń mú dáadáa, ó sì rọrùn láti pọ́n. Ṣùgbọ́n omi ni ọ̀tá rẹ̀, omi ọsàn tún wá burú jù. (Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn.)

6/ Sheffield, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1913. Harry Brearley ń wá irin tí kò ní tètè jẹ nínú ọ̀pá ìbọn. Ó po chromium mọ́ irin, bíi 13 nínú 100. Chromium yìí máa ń bo irin bí awọ tín-ín-rín tí ojú ò lè rí. Tí nǹkan bá họ ọ́, awọ náà á tún ara rẹ̀ ṣe. Síbẹ̀, wọ́n fi Brearley ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ló ṣe ọ̀bẹ tí kì í gé nǹkan!

7/ Ní 1909, ìyá Elsener kú. Victoria ni orúkọ wọn. Ó fi orúkọ náà sọ ọjà rẹ̀. Nígbà tó di 1921, ilé iṣẹ́ náà ti ń lo irin tuntun, tí àwọn Faransé ń pè ní inox. Victoria + inox = Victorinox. Ẹnì kan fi ọ̀bẹ rántí ìyá rẹ̀. Èmi fi ọ̀bẹ bí ìyá mi nínú.

8/ Ó yá, èwo ni ká rà?
• Victorinox: sitéńlẹ́ẹ̀sì ni. Ó lè tètè kúnu, ṣùgbọ́n kò le láti pọ́n. Ó dáa fún ẹni tó máa ń gbàgbé, bíi tèmi.
• Opinel: oríṣi méjì ló wà. Ẹ wo ojú rẹ̀: Carbone máa ń dípẹtà, Inox kì í tètè dípẹtà.
• Case, ti Amẹ́ríkà: Tru-Sharp ni sitéńlẹ́ẹ̀sì wọn. CV ní chromium nínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó. Á dípẹtà.

9/ Sitéńlẹ́ẹ̀sì pàápàá ò kọjá ìpẹtà. Ẹ jẹ́ kí omi òkun gbẹ sí i lára, ẹ ó rí i. Bí irin carbon bá sì dúdú, ẹ má bẹ̀rù, ìyẹn ń dáàbò bò ó díẹ̀. Èyí tó pupa ni kí ẹ tètè nù kúrò.

10/ Nígbà tí mo bi màmá mi pé báwo ni bàbá ṣe ń tọ́jú tiwọn, wọ́n ní: “Wọ́n máa ń nù ún, wọ́n á fi òróró pa á lára. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.” Ọ̀bẹ yẹn kì í ṣe ayédèrú. Èmi ni mi ò tọ́jú ẹ̀.

11/ Mo ti fi eérú àti òróró fọ̀ ọ́. Àpá kù lára ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń gé nǹkan padà. Lánàá, màmá mi fi bó ọsàn. Wọ́n nù ún kí wọ́n tó dá a padà fún mi, wọ́n sì rí i dájú pé mò ń wò.

Ọ̀bẹ ta ló wà nílé tiyín? Ẹ lọ wò ó kó tó pupa.