Ta Ni Ẹlẹ́rìí Ìwà? Ìtàn Kékeré nípa Ìdánwò Ìwà Ènìyàn

Ilé mi ní Ìbà ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí ti wá bá mi, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Ọmọ aládùúgbò mi kan, tó kàwé gboyè ní LASU ní Ọ̀jọ́, ló wá kí mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, kò sì tètè sọ̀rọ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ni kò gbà á. Kì í ṣe pé kò mọ iṣẹ́ o. Wọ́n ní kó dáhùn ìbéèrè nípa ìwà ara rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, àbájáde sì ní kò nígboyà tó, kò sì lè darí ènìyàn.

"Bàbá, wọ́n ní kí n sọ bóyá mo sàn ju àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa yin ara mi bẹ́ẹ̀? Èyí tó wà láàárín ni mo ṣáà ń mú."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dénú. Nígbà tí tiransifọ́mà àdúgbò wa jóná, ọmọ yìí ló kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, òun ló gba owó ojúlé kọ̀ọ̀kan, tó sì wá ṣírò rẹ̀ lójú gbogbo wa, tí náírà kan kò dín. Gbogbo òpópónà wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù yẹn kò bi òpópónà wa léèrè. Nígbà tó lọ tán, mo padà sídìí ìwé mi láti wo ibi tí irú ìdánwò yìí ti ṣẹ̀ wá, àti bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa.

Ogun ló bí i. Ní 1917, Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ọ̀gá ológun sì fẹ́ mọ àwọn ọmọ ogun tí ọkàn wọn lè dà rú bí ìbọn bá ń ró. Robert Woodworth, onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì ní Yunifásítì Columbia, kọ ìbéèrè onibẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́ sórí bébà: ṣé oorun rẹ dára, ṣé ẹ̀rù máa ń bà ọ́, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ogun parí kí wọ́n tó lè lò ó bí wọ́n ṣe fẹ́, àmọ́ ọgbọ́n náà kò kú. Dókítà kan kò lè bá ẹgbẹ̀rún ènìyàn sọ̀rọ̀ lóòjọ́, bébà lè ṣe é. Ó yá, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ìdí tó fi gbilẹ̀ nìyẹn.

Àwọn mìíràn gba ọ̀nà tiwọn. Ní 1921, Hermann Rorschach ní ilẹ̀ Switzerland tẹ ìwé jáde lórí àbàwọ́n yíǹkì mẹ́wàá: a ó fi hàn ọ́, ìwọ yóò sọ ohun tí o rí níbẹ̀. Ní 1936, Gordon Allport àti Henry Odbert jókòó ti ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣa ọ̀rọ̀ bíi 18,000 tí ènìyàn fi lè júwe ẹlòmíràn. Èrò wọn ni pé ohunkóhun tó bá ṣe pàtàkì nínú ìwà ọmọ aráyé, èdè á ti fún un lórúkọ. Láti inú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ka ìwà márùn-ún tí ọ̀pọ̀ ìdánwò òde òní ń lò ti jáde. Ẹ kíyè sí i: èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ ṣa o. Ẹni tó bá ṣa èdè Yorùbá á bá ọmọlúàbí pàdé, á bá ojútì, ìtẹríba àti àmúmọ́ra.

Àwọn tó ṣe ìdánwò náà gan-an mọ̀ pé ẹnu lè tan ni. Nínú èyí tí wọ́n ṣe jáde ní Minnesota ní 1943, wọ́n fi ìbéèrè tí ń ṣọ́ onírọ́ pamọ́ sínú rẹ̀: àṣìṣe kéékèèké tí kò sí ẹni tí kì í ṣe é. Bí o bá ní o kò ṣe ọ̀kankan rí, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé irọ́ lò ń pa. Hans Eysenck àti Sybil ìyàwó rẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀ nínú tiwọn ní 1975. Ní 1977, àwọn méjèèjì pẹ̀lú Adelaja tẹ ìwádìí kan jáde tó fi ìwà àwọn ọmọ Nàìjíríà wé ti àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tèmi ni pé, ọmọ wa tí àjèjì tàbí àgbà bi léèrè àléébù rẹ̀ lè bò ó mọ́lẹ̀ nítorí ojútì lásán. Ẹni tó bá pe ìyẹn nírọ́ ti ṣì í kà.

Àwa náà kò kàn ká ọwọ́ gbera nílé. Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aró láti 1954. Ní 1961, òun àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell gbé ìbéèrè wọ Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé rẹ̀, ìwé wọn sì jáde ní 1963. Wọ́n rí i pé àwọn ènìyàn wa kò ní orúkọ kan ṣoṣo fún ohun tí òyìnbó ń pè ní "depression", bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ àwọn àmì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1982, Peter Ebigbo ní Enugu kò tilẹ̀ tú ìbéèrè ẹlòmíràn. Ẹnu àwọn aláìsàn ló tẹ́tí sí: orí ń gbóná, nǹkan ń rìn lára mi. Ó to 65 irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ jọ, ó sì fi ṣe ìdánwò. Iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀, ẹni tí à ń yẹ̀ wò náà la ṣì ń gba ẹ̀rí lẹ́nu rẹ̀.

Níbi tí mo ń lọ gan-an rèé. Barry Hallen àti J. Olúbí Ṣódípọ̀, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ní Ifẹ̀, jókòó ti àwọn oníṣègùn Yorùbá, wọ́n sì tẹ ìwé jáde ní 1986. Wọ́n fi hàn pé "mo mọ̀" àti "mo gbà gbọ́" kì í ṣe ọ̀kan náà lẹ́nu wa. Ohun tí ojú mi rí, tí ọkàn mi sì jẹ́rìí sí, ni mo mọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún mi, mo kàn lè gbà á gbọ́ ni. Ẹ wá gbé e ka orí fọ́ọ̀mù yẹn. Ilé-iṣẹ́ náà kò mọ ìwà ọmọ yìí rárá. Wọ́n gba ohun tó sọ gbọ́ ni, wọ́n wá fi nọ́ńbà sí i, ó wá jọ ìmọ̀.

Láyé àwọn bàbá wa, alárinà kì í bi ọmọbìnrin pé "ṣé o níwà?" Àdúgbò ló ń wádìí lọ́wọ́ rẹ̀. Títí di òní, ní ọjà Alábà níbí, ọ̀gá kì í fún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní fọ́ọ̀mù kó tó fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé e lọ́wọ́. Ó ti ń wò ó fún ọdún mélòó kan. Èéfín ni ìwà, kò ṣeé dì mọ́ inú àpò.

Ẹ má wá rò pé mo ní tiwa kò lábùkù o. Mélòó nínú àwọn ọmọbìnrin ni ìwádìí alárinà ti bà lórúkọ jẹ́, tó jẹ́ pé ìlara aládùúgbò ni wọ́n gbọ́? Ìyẹn náà, ìgbàgbọ́ tó gbé agbádá ìmọ̀ wọ̀ ni. Ojú tó ń wo ibì kan ṣoṣo náà lè tàn wá. Ní 1928, Hartshorne àti May dán ọ̀pọ̀ ọmọ iléèwé wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i pé ọmọ tó ṣe òótọ́ níbì kan lè rẹ́ni jẹ níbòmíràn. Bébà ní èrè tirẹ̀: ìbéèrè kan náà ló ń bi gbogbo ènìyàn, kì í bèèrè ọmọ ta ni ọ́.

Àmọ́ àwọn onímọ̀ náà ti ń bọ̀ sọ́nà wa. Ní 2010, Brian Connelly àti Deniz Ones kó àbájáde ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n rí i pé ohun tí àwọn tó mọ ènìyàn sọ nípa ìwà rẹ̀ ń sọ bó ṣe máa ṣiṣẹ́ sí dáadáa ju ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ lọ. Tí mo bá jẹ́ agbanisíṣẹ́, mi ò ní da fọ́ọ̀mù nù. Mà á bi ẹlẹ́rìí mẹ́ta kún un, láti ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mà á sì bi wọ́n pé: kí ni ẹ fi ojú yín rí?

Ọjọ́ kejì, mo ránṣẹ́ pe ọmọ náà. Mo sọ fún un pé nígbà mìíràn, kó má ka ìbéèrè yẹn sí ìyìn ara ẹni, ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè, kó rántí tiransifọ́mà, kó dáhùn. Lẹ́yìn náà ni mo kọ lẹ́tà tó lè mú lọ síbòmíràn. Ọ̀rọ̀ owó tó ṣírò lójú wa ni mo kọ síbẹ̀, àti bí àríyànjiyàn ṣe bẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà tó sì fi sùúrù yanjú rẹ̀. Àwọn ohun dáadáa mìíràn wà tí àwọn ará Òkòkòmaikò ń sọ nípa rẹ̀. Mi ò kọ wọ́n sí i. Mi ò sí níbẹ̀.