Bí A Ṣe Ń Ka Àwòrán Òrìṣà Obìnrin

Ní Pápá Àjàó, ní agbègbè Múṣin ní Èkó, ni ilé iṣẹ́ Ovuomaroro wà. Bruce Onobrakpeya, ọmọ Ùròbò tí a bí ní Agbarha-Otor lọ́dún 1932, ló dá a sílẹ̀. Òun náà ló ya àwòrán inú ìwé tí Wọlé Ṣóyínká fi túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ lọ́dún 1968. Iṣẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ilà tẹ́ẹ́rẹ́ lè ru ẹrù ìtàn.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí òrìṣà obìnrin tí a fi pẹ́ńsù yà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹwà ojú rẹ̀ ló sábà máa ń wò. Ẹlòmíràn á ní ère ni, á sì ṣí ìwé kọjá. Àwọn méjèèjì kò tíì ka àwòrán náà. Ohun tó wà lọ́wọ́ òrìṣà ni a fi ń dá a mọ̀: abẹ̀bẹ̀ idẹ àti òòyà ń tọ́ka sí Ọ̀ṣun, gẹ́gẹ́ bí àwọn Gíríìkì ṣe ń fi òwìwí dá Athena mọ̀.

Síbẹ̀, àmì nìkan kò tó. Ó yẹ kí a wádìí orírun àwòrán. Ẹ wo àwòrán Màmí Wọ́tà tí a mọ̀ jù, obìnrin onírun gígùn tí ejò lọ́ mọ́ lára. Ní Hamburg, ní Jámánì, ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ láàárín ọdún 1880 sí 1890, láti polówó obìnrin kan tó ń fi ejò dárà. Nígbà tó fi di ọdún 1901, àwọn agbẹ́gilére ní Bonny ti gbẹ́ ère tó jọ ọ́. Lọ́dún 1955, wọ́n tún un tẹ̀ ní Bombay, ní Íńdíà, fún àwọn oníṣòwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Olówò ejò wá di òrìṣà omi, nítorí pé àwọn tó ń wò ó ti ní ìgbàgbọ́ nínú ẹ̀mí inú omi tẹ́lẹ̀.

Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ni Onobrakpeya náà rìn nígbà tó ya Ìjìyà Jésù, àwòrán 14, fún ìjọ Àgùdà St. Paul's ní Ẹ̀búté Mẹ́ta láàárín ọdún 1960 sí 1970: ìtàn láti òkèèrè, aṣọ àdìrẹ lára àwọn ènìyàn inú rẹ̀.

Nítorí náà, kí olùkọ́ fi ìbéèrè mẹ́ta kọ́ ọmọ: Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀? Níbo ló ti wá? Ta ló ń wò ó? Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí ẹwà bá wọ̀ wá lójú tàbí bí ẹ̀rù bá bà wá, kí a ṣì máa ríran.